Kí Ẹ Tó Bo Ògiri, Ẹ Pe Káfíńtà

Kábínẹ́ẹ̀tì tí yóò já kì í já lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́. Lọ́jọ́ náà, á dúró dáadáa, onílé á fọwọ́ pa á lára, á ní ẹ kú iṣẹ́, káfíńtà á gbowó, á bá tirẹ̀ lọ. Ó lè tó oṣù mélòó kan kí àlàfo tín-ín-rín tó yọ lókè, láàárín ògiri àti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ará ilé ò ní rí i, wọ́n á ṣì máa to abọ́ sí i. Ìgbà tí wọ́n bá fọ gbogbo àwo tí wọ́n fi ṣe àlejò Iléyá, tí wọ́n tò ó padà tán, tí kálukú ti lọ sùn, ni wọ́n á gbọ́ gbàràmù nínú kíṣínì.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, iṣẹ́ a sì máa gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ju bí ara mi ṣe fẹ́ lọ. (Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ gbé kábínẹ́ẹ̀tì gba títì àtijọ́ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí, tó ń gbọ́ bí kòtò ṣe ń tú oríkèé igi tó fara balẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, kò ní bi mí léèrè ìdí rẹ̀.) Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Àwa káfíńtà máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí igi, a ó rẹ́ ẹ, a ó fá a, a ó kùn ún, a ó wá fi wákàtí kan péré pàdé ògiri nígbà tí onílé ti ń wo aago. Ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì. Ògiri ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ wò kí a tó ra pákó, tó bá sì jẹ́ ògiri bọ́ọ̀dù, ó yẹ kí wọ́n pè wá wá wò ó kí wọ́n tó bò ó.

Bọ́ọ̀dù jípsọ́ọ̀mù ni mò ń wí, èyí tí a kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe àjà POP, tó ti wá di ògiri báyìí. Ẹ ó rí i nínú báńkì, nínú ilé ìwòsàn aládàáni, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n pín yàrá ńlá kan sí mẹ́ta. Mo ti bá a pàdé nínú ilé tí wọ́n ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí yunifásítì LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 ti sọ oko di ìgboro. Kí ni bọ́ọ̀dù yìí? Òkúta jípsọ́ọ̀mù ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n yan, tí wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n tẹ́ sáàárín bébà líle méjì, tó wá gan. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Augustine Sackett ló gba ẹ̀tọ́ lórí irú èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní 1894. Jípsọ́ọ̀mù kò sì ṣàjèjì sí wa, òun náà ni wọ́n ń fi díẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì nílé iṣẹ́ kó má baà gan kí bíríkìlà tó lò ó tán. Èyí tó pọ̀ jù nípọn ní mìlímítà 9.5 tàbí 12.5. Íńṣì kan ju 25 lọ, ẹ ṣírò rẹ̀.

Mi ò kórìíra bọ́ọ̀dù yìí. Ó ní iyì kan tí mi ò ní fi dù ú: omi wà nínú òkúta náà fúnra rẹ̀, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀, iná sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kó tó rí ibi gbà kọjá. Lẹ́yìn tí iná jó ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ níbí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, àwọn kan tó jẹ́ pé pákó àti pláìwúùdù ni wọ́n fi ń pín ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè nípa rẹ̀. Mo ní kí wọ́n lò ó. Ohun tí mo fi kún un ni pé kí wọ́n má fi ẹrù kọ́ ọ. Ẹ̀wù ni bọ́ọ̀dù, àwọn òpó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ara. Kò sí ẹni tí í gbé ẹrù kọ́ ẹ̀wù, èjìká là ń gbé e lé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹrù náà ṣe tó, nítorí àwọn ènìyàn kì í gbà gbọ́. Mú kábínẹ́ẹ̀tì kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó ga ní ẹsẹ̀ méjì ààbọ̀, tí ikùn rẹ̀ jìn ní ẹsẹ̀ kan, tí a fi pákó MDF mìlímítà 18 kàn, tó ní pẹpẹ kan nínú àti ilẹ̀kùn méjì. Bí ẹ bá tẹ́ gbogbo MDF inú rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì onígun mẹ́rin, mítà kan rẹ̀ sì ń wọn nǹkan bíi kílò 13 ààbọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ẹyọ síbí kan sínú rẹ̀, ó ti lé ní kílò 25. Ẹ wá fi àwo tánńganran sí i, àti ife, àti ike gàrí, àti agolo mílíìkì, àti ọlọ oníná tí ìyàwó ilé kò fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn. Kílò 70 kò jìnnà. Àpò sìmẹ́ńtì kan kílò 50 ni. Ẹ wo bọ́ọ̀dù tí kò nípọn tó ìdajì íńṣì tí ẹ fẹ́ kó gbé nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀ fún ogún ọdún.

Oníbàárà a máa bi mí pé, “Ọ̀gá, kílò mélòó ni ògiri yìí lè gbé?” Ìbéèrè náà kò tíì pé. Ọ̀nà méjì ni ẹrù ń gbà bá súkúrù jà. Èkíní, ó ń wọ́ ọ sísàlẹ̀. Èkejì, ó ń fà á jáde kúrò nínú ògiri lókè, nítorí pé iwájú ni ẹrù wà, kì í ṣe inú ògiri. Èkejì yìí ni kì í hàn sí ojú, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣírò. Kábínẹ́ẹ̀tì tí mo wí yẹn jìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí náà ẹrù rẹ̀ dúró sí sẹ̀ǹtímítà 15 sí ògiri. Láti súkúrù òkè rẹ̀ dé etí ìsàlẹ̀ tó fara ti ògiri, ká pè é ní sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ fi 15 ná kílò 70, kí ẹ fi 70 pín in: kílò 15 péré ló ń fa òkè jáde. Kò burú. Ẹ wá mú pẹpẹ lásán, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ báyìí tí kò ní ẹsẹ̀ tí kò ní irin nísàlẹ̀, kó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí àárín súkúrù òkè rẹ̀ àti etí ìsàlẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ to ìwé kílò 30 lé e. 15 lọ́nà 30, ká fi 10 pín in: kílò 45 ló ń fà á jáde. Pẹpẹ tí ẹrù rẹ̀ kò tó ìdajì ti kábínẹ́ẹ̀tì ń fa ògiri ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń jiyàn lórí pẹpẹ ju bí mo ṣe ń jiyàn lórí kábínẹ́ẹ̀tì lọ, tí wọ́n á sì máa wò mí bíi pé mo kàn fẹ́ gba owó kún owó.

Bó bá wá jẹ́ pé kílò 15 péré ló ń fa kábínẹ́ẹ̀tì, kí ló ń já a? Wíwọ́ sísàlẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Súkúrù tó wà nínú bọ́ọ̀dù nìkan, jípsọ́ọ̀mù ló yí i ká, jípsọ́ọ̀mù sì rọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ihò náà á gùn sísàlẹ̀. Súkúrù á tẹ orí ba. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pa á dé pàà. Ooru omi gbígbóná á máa wọ bébà lára, jípsọ́ọ̀mù tó bá sì mu omi, ẹ lè fi èékánná gbẹ́ ẹ. Tí òrùlé bá tún wá ń jò lójú kan, kò tún sí àlàyé mìíràn.

Nígbà tí wọ́n bá ti bo ògiri tán kí wọ́n tó pè mí, òpó ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Màá fi ìka kan ògiri láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì: gbù, gbù, gbù, kó. Ibi tó ti dún kó ni òpó wà, tàbí ibi tí oníṣẹ́ ti da gọ́ọ̀mù jọ, nítorí náà etí nìkan kò tó. Mo ní mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí mo yọ lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́, mo fi òwú so ó. Màá máa rọra fà á gba ara ògiri. Bó bá dé orí súkúrù tí wọ́n fi kan bọ́ọ̀dù mọ́ òpó, tí wọ́n fi POP dí lójú, òwú á yẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì á so mọ́ ògiri. Màá fi pẹ́ńsùlù sàmì síbẹ̀. Màá tún wá òmíràn lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí àmì mẹ́ta bá tò lórí ìlà kan náà, òpó ni. Ó tún ku kí n fi ìṣó tín-ín-rín gún un wò níbi tí kábínẹ́ẹ̀tì yóò bò: bó bá kọjá bọ́ọ̀dù, tó sì kan nǹkan tó le, a ti rí i. Nílùú òyìnbó, wọ́n á sọ fún yín pé òpó máa ń jìnnà síra ní íńṣì 16 tàbí 24. Níbí, ó kù sí ọwọ́ ẹni tó kàn án àti iye igi tó rà. Mo ti rí òpó mẹ́rin lára ògiri kan tí àárín méjì nínú wọn kò dọ́gba. Ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi tépù méfò.

Kí ẹ sì wo ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì wà. Páìpù wáyà máa ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ tààrà wá bá wọn. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò sí òkè súwíìṣì láìbéèrè lọ́wọ́ oníná, ohun tó bá rí níbẹ̀, òun ló wá a.

Òpó kì í sábà bọ́ sí ibi tí kábínẹ́ẹ̀tì fẹ́. Èyí ni a fi ń lo pákó àgbékọ́. Màá mú pákó líle, apá tàbí ìrókò bó bá wà, íńṣì kan ní nínípọn àti mẹ́rin ní fífẹ̀, tó gùn láti òpó àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Màá gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e, màá fi súkúrù íńṣì mẹ́ta méjì-méjì dè é mọ́ òpó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí n fi ayùn la pákó kan gùn-ún-gùn ní ìdagẹ̀rẹ̀, kó di méjì. Ìlàjì kan á lọ sára ògiri, kí ẹnu rẹ̀ tó dagun kọjú sókè, kó sì tẹ̀ sínú sí ògiri. Ìlàjì kejì á lọ sẹ́yìn kábínẹ́ẹ̀tì, kí tirẹ̀ dojú dé. Ènìyàn méjì á gbé kábínẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlàjì kan á jókòó sínú ìkejì. Bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ tó ni wọ́n á ṣe máa fún mọ́ra wọn. Ìsàlẹ̀ náà ń fẹ́ pákó tínrín kan kó má baà máa mì, lẹ́yìn náà màá fi súkúrù kan dè é kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e sókè kúrò.

Àwọn kan ń ta irin tí ń ṣí apá lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń pè ní toggle bolt. Mo máa ń lò ó fún dígí àti fún àwòrán. Fún kábínẹ́ẹ̀tì kíṣínì, mi ò lò ó láìsí òpó, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára páálí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ irú bọ́ọ̀dù tí wọ́n rà fún wa.

Ìṣòro tó le jù ni òpó onírin. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni irin náà, ẹ lè fi ọwọ́ ká a. Súkúrù tí wọ́n fi kan bọ́ọ̀dù mọ́ ọn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kó gbé kábínẹ́ẹ̀tì, yíyí kan tó bá lé, ojú rẹ̀ ti jẹ. Ibi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọ́fíìsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ pè mí kí n wá wọn ibi tí kábínẹ́ẹ̀tì fáìlì yóò wà. Fáìlì! Kò sí ohun tó wúwo bíi bébà. Mo débẹ̀, àwọn ọmọ POP ti kan bọ́ọ̀dù sí ojú kan, wọ́n ń gbé èkejì bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró di ọ̀sán. Mo sáré lọ ra igi tú-báí-fọ́ọ̀, mo gé e sí ìwọ̀n àlàfo àárín irin kan sí èkejì, mo kì í bọ̀ ọ́, mo dè é mọ́ irin lọ́tùn-ún lósì, ìlà kan lókè, ìlà kan nísàlẹ̀. Mo wá fi tépù na ògiri láti ilẹ̀, mo fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ bí ó ti wà ní gbangba, tépù ń hàn nínú fọ́tò. Wọ́n bò ó. Nígbà tí mo padà wá pẹ̀lú kábínẹ́ẹ̀tì, mi ò kan ògiri wò, mi ò wá mágínẹ́ẹ̀tì. Fóònù ni mo wò. Owó igi náà kò tó owó ilẹ̀kùn kan lára kábínẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ rẹ̀ kò gba wákàtí mẹ́ta, kò sì sí súkúrù ńlá kankan láyé tó lè ṣe ohun tó ṣe.

Kí n tó fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ kábínẹ́ẹ̀tì, mo máa ń gbé àpò sìmẹ́ńtì kan sínú rẹ̀ kó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, màá fi bébà kan wo ẹ̀yìn rẹ̀ lókè. Bí bébà bá wọlé níbi tí kò wọ̀ lánàá, màá tú u.

Ẹni tó ń ka èyí ní agbo ilé lè máa sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn onílé tuntun nìyẹn, ògiri tòun kì í ṣe bọ́ọ̀dù. Ẹ dákun, ẹ lọ kan ògiri yín wò. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó nípọn tó ẹsẹ̀ kan, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ni àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ wálé, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún lọ́dà. Amọ̀ máa ń wú nígbà òjò, á sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe é. Nígbà tó bá pẹ́, wọ́n á yara wọn láìjẹ́ pé ó hàn lóde, àlàfo á wà láàárín wọn, ẹ ó sì gbọ́ ọ bí ẹ bá kàn án: gbù. Ẹni tó bá kan ìṣó sí i, ara sìmẹ́ńtì íńṣì kan ló kan ìṣó sí. Ohun tí bọ́ọ̀dù ń ṣe ní ọ́fíìsì ni sìmẹ́ńtì yìí ń ṣe ní agbo ilé.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa fẹ́ kí n gbé kábínẹ́ẹ̀tì tí ọmọ rẹ̀ rà fún un kọ́. Mo kan ògiri, mo gbọn orí.

“Káfíńtà, ṣé ògiri tí bàbá ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ni kò lè gbé àwo mi?”

“Ìyá, ògiri bàbá lágbára ju ti ọ̀pọ̀ ilé tuntun lọ. Ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ fún un ni kò bá a lára mu.”

Inú amọ̀ nìkan, ìṣó kì í pẹ́ kó tó mì. Ohun tó ń dúró nínú irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni irin tó la á já: irin gígùn tó ní ojú súkúrù láti orí dé ìdí, tí a fi pákó àti wáṣà ńlá gbà ní ìhà méjèèjì, tí a fi nọ́ọ̀tì dè. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nínípọn ògiri á ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi dírìlì gbẹ́ ihò náà jẹ́jẹ́, ẹ má ṣe tan ibi tó ń lù bí òòlù, nítorí á fọ́ amọ̀ nínú. Kí ẹ sì fi oògùn ikán fọ pákó náà dáadáa, torí ikán kì í jìnnà sí ògiri amọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí irin á yọ sí yàrá kejì, yàrá kejì kì í sì í ṣe ti ìyá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyá ló ni ín. Ó ní òun kò lè gbà kí wọ́n máa gún ògiri òun nítorí àwo. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ baálé ilé. Baálé bi mí bóyá ògiri á wó, mo ní kò ní wó. Ó bi mí bóyá ó lè wúlò fún ẹni tó wà lódìkejì. Mo ronú sí i, mo ní mo lè fá pákó tó wà lọ́hùn-ún kó dán, kí n kan ìkọ́ aṣọ mẹ́fà sí i. Ó tán síbẹ̀. Káfíńtà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní agbo ilé, kó mọ̀ pé ìhà méjì ni ògiri ní, àwọn tó ni ín lè ju méjì lọ. Níbi tí kò bá sì sí ìrẹ́pọ̀, mo máa ń fún kábínẹ́ẹ̀tì ní ẹsẹ̀ kó dúró sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ti ilé búlọ́ọ̀kù kò gùn. Ihò méjì ló wà nínú búlọ́ọ̀kù wa, ara rẹ̀ tó yí ihò ká kò nípọn. Fíṣà tí à ń kì bọ ihò kí súkúrù tó wọlé, tí Artur Fischer ará Jámánì ṣe irú rẹ̀ oníke ní 1958, nípa wíwú nínú ihò ló fi ń dì mú. Ó ń fẹ́ nǹkan líle tí yóò ti ara rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ inú àlàfo ló bọ́ sí, á kàn máa yí bí ẹ bá ṣe ń yí súkúrù. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kékeré bu tún wà, tó jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lásán ló ń dà sílẹ̀ lẹ́nu dírìlì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọgbọ́n tí mo ń lò ni pé mi ò bá búlọ́ọ̀kù jà, líńtẹ́ẹ̀lì ni mo ń lọ bá. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, líńtẹ́ẹ̀lì yí ilé ká ní ẹsẹ̀ méje sílẹ̀, kọnkéré ni, irin sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ṣírò kíṣínì: kántà, ẹsẹ̀ mẹ́ta; àlàfo òkè kántà, íńṣì 18; kábínẹ́ẹ̀tì, íńṣì 30. Ẹsẹ̀ méje gééré. Íńṣì díẹ̀ ló kù kí orí kábínẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí kọnkéré tó le jù nínú ilé, àwọn káfíńtà sì ń gbé e kọ́ sí ihò búlọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Íńṣì mẹ́fà ni mo máa ń fi kún gíga kábínẹ́ẹ̀tì kí súkúrù òkè lè wọ líńtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹnu dírìlì bá bá irin pàdé nínú rẹ̀, ẹ sún un sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí. Ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní Manchester fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ń kan ògiri rẹ̀: gbù níbí, kó lọ́hùn-ún, kò sì sí ìlà kankan tó tò. Ó ní, “Bùrọ̀dá, mágínẹ́ẹ̀tì ò mú nǹkan kan.” Kò lè mú nǹkan kan, nítorí kò sí òpó níbẹ̀. Ní Bìrìtìkó, àwọn kan máa ń da gọ́ọ̀mù sórí ògiri búlọ́ọ̀kù ní òkìtì-òkìtì, wọ́n á wá tẹ bọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Ibi tó dún kó, òkìtì gọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀. Mo ní kó lọ ra súkúrù àti fíṣà tó gùn tó láti kọjá bọ́ọ̀dù, kọjá àlàfo, kó wọ inú búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ dáadáa, kó má sì jẹ́ kí fíṣà náà parí sínú bọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ni, ó kàn wọ ẹ̀wù mìíràn ni.

Nígbà ọyẹ́, mo máa ń padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí mo gbé pákó àgbékọ́ kọ́ fún lọ́dún náà. Igi á ti gbẹ, á ti sún kì, súkúrù tó fún dáadáa nígbà òjò á ti ní àyè díẹ̀. Yíyí kan tàbí ìlàjì ló máa ń gbà.

Owó ló kù. Nínú ìwé iye owó tí mo ń kọ fún oníbàárà báyìí, mo máa ń ya ìlà kan sọ́tọ̀ tí mo kọ “ògiri” sí: lílọ wò ó, igi ẹ̀yìn rẹ̀, irin, fíṣà, àti ọjọ́ tí àpò sìmẹ́ńtì á fi sùn nínú rẹ̀. Ìlà yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ìka sí. Ọkùnrin kan ní Òwódé ní kí n yọ ọ́, nítorí kábínẹ́ẹ̀tì lòun fẹ́ rà, òun ti ní ògiri nílé. Mo ní kò burú, màá yọ ọ́, màá sì kan ẹsẹ̀ mẹ́rin sí kábínẹ́ẹ̀tì náà kó dúró sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀ kíṣínì rẹ̀, ó wo ibi tí fíríìjì wà, ó ní kí n fi ògiri sílẹ̀, kí n yọ owó ọkọ̀ dípò rẹ̀. A parí rẹ̀ sí ìdajì owó ọkọ̀.